Adìẹ Ta Li Ológò Ń Pa Jẹ?

Li ayé àwọn baba wa, bí ẹnìkan bá jẹ gbèsè tí kò sì san án, ẹni tí ó yá a li owó lè tọ àwọn olórí ìlú lọ kí ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ológò. Iṣẹ́ ológò ni láti wọ inú agbo ilé onígbèsè lọ, kí ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, kí ó sì jókòó. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni yóò máa bú èébú, tí yóò máa pariwo, tí yóò sì máa yọ gbogbo ará ilé li ẹnu. Adìẹ tí ó bá kọjá, yóò mú un, yóò sì pa á. Ewúrẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó, ó di ẹran ọbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án, nítorí àṣẹ ìlú li ó rù wọlé. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ ní Ọ̀yọ́, kọ nípa àṣà yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí ó parí li ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde li ọdún 1921, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa.

Nígbàkúùgbà tí mo bá ka ibẹ̀, ọ̀rọ̀ adìẹ náà li ó máa ń dá mi dúró. Ta li ó ni ín? Agbo ilé kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Opó kan lè wà ní ìyẹ̀wù ẹ̀yìn tí ó ń sin adìẹ mẹ́ta. Kò mọ ọjọ́ tí a yá owó náà, a kò sì pè é sí ìmọ̀ nígbà tí a ń ná an. Bóyá òkú li a fi sin, bóyá oyè ni baálé fi jẹ. Síbẹ̀ adìẹ tirẹ̀ li ó kọ́kọ́ kú, nítorí pé òun li ó ń jẹ̀ kiri li àgbàlá, nígbà tí ẹṣin baálé wà ní ìso nínú ilé, níbi tí ọwọ́ ológò kò dé.

Ẹ̀yin ará mi nínú Kristi, àti ẹ̀yin olùkọ́ pàápàá, orílẹ̀-èdè wa jẹ gbèsè, ológò sì ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sí àgbàlá wa. Àwọn aláṣẹ ń sọ fún wa pé ìgbà ìṣúnná dé, kí olúkúlùkù fún ìgbànú rẹ̀ le. Èmi kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn li oṣù yìí bóyá gbèsè wà tàbí kò sí. Ìbéèrè mi ni èyí: nígbà tí a bá ní láti pa adìẹ nítorí gbèsè agbo ilé, adìẹ ta li ó yẹ kí ó kọ́kọ́ kú?

Kí a kọ́kọ́ mọ bí gbèsè náà ti tó. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe àkóso gbèsè kéde pé, ní ìparí ọdún 2024, gbogbo ohun tí ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀ jẹ, ti ilé àti ti òkèèrè, jẹ́ 144.67 tírílíọ̀nù náírà. Bí a bá pín in fún nǹkan bí 220 mílíọ̀nù ènìyàn, ó ju 650,000 náírà lọ fún orí kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọwọ́ tí a gbé wá sí ibi ìrìbọmi, tí ó sunkún nígbà tí omi kan iwájú orí rẹ̀, ti jẹ ju owó ọ̀yà oṣù mẹ́sàn-án lọ, bí a bá fi 70,000 náírà tí òfin fi lélẹ̀ li ọdún 2024 fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ṣe ìṣirò. Mo mọ̀ pé irú ìpín orí bẹ́ẹ̀ kò tọ́ ní kíkún, nítorí kì í ṣe déédé li a jẹ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an li ọ̀rọ̀ mi ń lọ.

Àwọn kan wà láàrin wa tí inú ń bí, tí wọ́n ń wí pé kí a má san án, kí ẹni tí ó jẹ ẹ́ lọ san án. Èmi kò lè bá wọn lọ títí dé ibẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti yá owó. Bí ọkùnrin kan bá yá owó láti gbin kòkó, àwọn ọmọ rẹ̀ tí yóò ká kòkó náà kò lè ráhùn bí a bá ní kí wọ́n bá a san díẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó yá owó ṣe fáàrí li àwọn àgbà ń bá wí, pé a kì í fi gbèsè sí ọrùn ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ má sì ṣe rò pé ní ìlú òyìnbó nìkan li àwọn tí ó yá wa li owó wà. Owó ìfẹ̀yìntì tí a ń yọ kúrò nínú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ li a fi yá ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó bá wí pé kí ìjọba má san gbèsè, kí ó rántí pé nínú adìẹ tí òun fẹ́ pa ni ti arúgbó kan tí ó fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé. Gbèsè jẹ́ gbèsè. Ṣùgbọ́n àánú kì í kúrò nínú rẹ̀ nítorí pé òtítọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ni ìdájọ́ òdodo kì í kúrò nínú rẹ̀.

Kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀, nítorí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa yìí kì í ṣe àkọ́kọ́. Li ọdún 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì kún ọwọ́ wa, a ti pàṣẹ sìmẹ́ńtì tí ó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni èbúté Èkó kò lè gba ju bíi mílíọ̀nù kan lọ li ọdún kan. Ọkọ̀ ojú omi bí 400 tò sí ojú òkun bí ìgbà tí àwọn obìnrin tò sí ẹsẹ̀ odò li ẹ̀ẹ̀rùn, a sì ń san owó ìdúró fún wọn li ojoojúmọ́. Sìmẹ́ńtì mìíràn dì gbagidi nínú ọkọ̀ kí ó tó dé ilẹ̀. Owó tí a san fún àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kí wọ́n lè máa wo èbúté li ọ̀kánkán kò kọ́ ilé-ìwé kan, kò sì la ọ̀nà kan. Li ọdún 1978, kò tíì pẹ́ rárá, a lọ yá bílíọ̀nù kan dọ́là li ọwọ́ àwọn báńkì òkèèrè.

Li ọdún 1981, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ ìwé gbangba sí Ààrẹ Shehu Shagari, ó sì fi ìlú wé ọkọ̀ ojú omi tí ó ń sáré lọ forí sọ àpáta. Àwọn aláṣẹ dáhùn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹrin ọdún 1982, Ààrẹ kan náà dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó sì mú òfin wá láti mú ọrọ̀ ajé ìlú dúró: a dín iṣẹ́ ìjọba kù, a sé ọ̀nà mọ́ ọjà òkèèrè, a fi owó ibodè kún owó ibodè. Àwọn ènìyàn sọ ìgbà náà li ọ́sìtẹ́rítì, orúkọ náà sì mọ́ wa li ẹnu títí ó fi dà bí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ìwé gbangba náà kò pé ọdún kan kí èyí tó dé, tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Adìẹ ta li a kọ́kọ́ pa? Ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ li ọdún 1983 àti 1984, ti àwọn olùkọ́ ni. Oṣù ń kọjá lórí oṣù láìsí owó. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ nígbà náà ní ìpínlẹ̀ kan tí èmi kò ní dárúkọ. Mo kéré púpọ̀, ohun méjì péré ni mo sì rántí. Èkínní ni pé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrò li ẹ̀yìn ilé li ọjọ́ kan, ìyá mi sì sọ fún wa pé ẹnìkan li ó yá a. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹni náà kò ní dá a padà láéláé. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé, kò sì pẹ́ dé li ọjọ́ kan ṣoṣo. Èkejì ni ọjọ́ tí aláṣẹ kan fẹ́ gba ìlú wa kọjá. A kó àwa ọmọ ilé-ìwé jáde sí ẹ̀bá ọ̀nà, a fún wa ní àsíá kékeré, a sì dúró nínú oòrùn títí di ọ̀sán. Ọkọ̀ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá, gbogbo wọn ń dán, ekuru sì bò wá. Bàbá mi li ó tò wá sí ìlà. Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà ohun tí ó wà li ọkàn rẹ̀ bí ó ti ń sọ fún wa pé kí a gbé àsíá sókè sí i.

Lẹ́yìn olùkọ́, ti àlejò li ó kàn. Èyí ni apá tí ó ń tì mí li ojú jù nínú ìtàn náà. Li ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba wa pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní ilẹ̀ wa láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ó tó mílíọ̀nù ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó di ẹrù, àwọn ará Gánà sì li ó pọ̀ jù nínú wọn: olùkọ́, télọ̀, bíríkìlà, ọmọ ọ̀dọ̀. Wọ́n kó ohun gbogbo sínú àpò onílà gbọọrọ tí a ń tà ní ọjà, àpò tí a sì fi ìlélọ yìí sọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. A ń fi í gbé ẹ̀bùn ìgbéyàwó, a kò sì ronú mọ́. Kíni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi gba ìjìyà? Ṣé àwọn li ó pàṣẹ sìmẹ́ńtì? Ṣé àwọn li ó lọ yá bílíọ̀nù kan dọ́là? Adìẹ àlejò rọrùn láti pa, nítorí kò ní ìyekan tí yóò bá a ké.

Bẹ́ẹ̀ ni àwa kì í ṣe òpè nínú ọ̀rọ̀ náà. Li oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia ti fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì bákan náà. Gánà jẹ gbèsè nígbà náà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ li ọ̀dọ̀ àwọn tí ó yá a li owó láti ìgbà Nkrumah. Àwọn ènìyàn tiwa li ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a lé: àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìnísà, àwọn tí ó ti fi ogún ọdún àti ọgbọ̀n ọdún ta ọjà ní Kùmásì àti Àkrà, tí wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ilé níbẹ̀. Wọ́n padà sí ilé tí àwọn ọmọ wọn kò tíì fi ojú kàn rí. Mo mọ ìyá àgbà kan nínú ìjọ kan tí ó lè ka gbogbo ohun tí ó fi sílẹ̀ ní ìsọ̀ rẹ̀ títí dé orí okùn àti abẹ́rẹ́. Gbèsè Gánà kò tán nítorí ìlélọ yẹn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972 ni àwọn ológun gba ìjọba li ọwọ́ Busia, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti já iye owó Gánà wálẹ̀. Gbèsè tiwa náà kò tán nítorí ìlélọ ti 1983. Ológò kò kúrò. Ó kàn jẹ adìẹ àlejò, ó nu ẹnu, ó sì bèèrè èyí tí ó kù.

Ohun tí ó tẹ̀lé e, ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ: ìyípadà ìjọba ní òpin ọdún 1983, ọdún 1985, nígbà tí a bi gbogbo ìlú léèrè bóyá kí a gba owó lọ́wọ́ àjọ owó àgbáyé, tí ìlú sì wí pé rárá, ọdún 1986, nígbà tí a gba àjàgà náà sí ọrùn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kọ owó rẹ̀, tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú. Nígbà náà ni gbèsè wa di ti ìwọ̀fà. Ẹ rántí pé ọmọ tí a fi ṣe ìwọ̀fà, gbogbo iṣẹ́ tí ó ń ṣe li oko olówó, èlé li ó ń dúró fún; bí ó ṣiṣẹ́ li ọdún mẹ́wàá, owó tí baba rẹ̀ yá kò dín ní kọ́bọ̀ kan. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe sìn, tí èlé àti owó ìtanràn ń gun orí ara wọn.

Kí a dúpẹ́ pé Ìjọ Ọlọ́run kò dákẹ́ nígbà náà. Nígbà tí ọdún 2000 ń súnmọ́, àwọn onígbàgbọ́ ní ilẹ̀ púpọ̀ mú òfin ọdún jubeli inú ìwé Lefitiku jáde, wọ́n sì bẹ àwọn orílẹ̀-èdè olówó pé kí wọ́n dárí gbèsè ji àwọn tálákà. Àpéjọ Lambeth ti àwọn Bíṣọ́ọ̀bù wa li ọdún 1998 gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò, ó sì fọwọ́ sí i. Li ọdún 2005, nínú 30 bílíọ̀nù dọ́là tí a jẹ ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tí a ń pè ní Paris Club, wọ́n fojú fo 18 bílíọ̀nù, àwa sì san 12 bílíọ̀nù tí ó kù. A san ìyókù rẹ̀ tán li oṣù kẹrin ọdún 2006. Mo rántí ayọ̀ ọjọ́ náà. Ológò ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀, ó lọ. Kò tó ogún ọdún, ẹ wò ó ní ìdí ẹní kan náà.

Nísinsìnyí kí n wá sí àkókò wa. Li ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ní ọjọ́ tí a fi Ààrẹ Bọ́lá Tinubu jẹ, a gbọ́ pé owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù ti tán. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, epo tí a ń rà ní bí 190 náírà fún lítà kan kọjá 500. Lẹ́yìn èyí náírà tún ṣubú. Èmi kò ní parọ́ fún yín: apá púpọ̀ nínú owó ìrànwọ́ náà li ó ń bá epo lọ sí ẹ̀yìn ibodè, ẹni tí ó ní ọkọ̀ márùn-ún sì ń jẹ nínú rẹ̀ ju ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, bẹ́ẹ̀ ni a ń yá owó láti san án. Li ọdún 2022, apá tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba àpapọ̀ rí li ó bá gbèsè lọ. Ohun tí kò lè dúró, kò lè dúró náà ni. Ẹni tí ó bá wí pé kí a má fọwọ́ kàn án rárá, ó ń sọ pé kí àwọn ọmọ wa san án.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìgbésẹ̀ ti tẹ̀lé ara wọn. Olùkọ́ fún ìgbànú li ọjọ́ kìn-ín-ní, láìsí ìkìlọ̀, nígbà tí ó dé ibi tí ọkọ̀ ń gbé dúró tí awakọ̀ sì dárúkọ owó. Owó oṣù rẹ̀ dúró sí 30,000 ti tẹ́lẹ̀, bí òun bá wà nínú àwọn tí ń gba èyí tí ó kéré jù. Oṣù keje ọdún 2024 li òfin tó sọ ọ́ di 70,000, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì tún pẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí san án. Láàrin àkókò ìdúró yẹn, nínú ọdún 2023 gan-an, àwọn ìwé ìròyìn kéde pé a ń ra ọkọ̀ jíìpù fún àwọn aṣòfin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó 160 mílíọ̀nù náírà. A tún rí owó tí ó lé ní bílíọ̀nù 5 náírà fún ọkọ̀ ojú omi Ààrẹ nínú àfikún ètò ìnáwó ọdún náà, títí ariwo fi ta, tí àwọn aṣòfin sì gbé owó náà lọ sí ibi owó tí a ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Mo dúpẹ́ fún èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ sí ìwé ní àkọ́kọ́, kò rántí pé ológò wà li àgbàlá.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ ìṣirò, dá mi li óhùn nígbà tí mo sọ èyí. Ó wí pé, “Ará, mú ìwé wá kí a ṣe é.” Aṣojú-ṣòfin 360 ni 160 mílíọ̀nù li ọ̀nà 360 jẹ́ 57.6 bílíọ̀nù. Gbèsè jẹ́ 144.67 tírílíọ̀nù. Owó ọkọ̀ náà kò tó ìdá kan nínú 2,500 gbèsè. Bí gbogbo aláṣẹ bá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti òní lọ, ó wí pé, ológò kò ní mọ̀. Ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, èmi kò sì rí èsì fún un li ọjọ́ náà. Mo ronú lé e lórí fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Èsì tí mo rí wà nínú ìwé Nehemiah, orí karùn-ún. Ìyàn mú ní Jerusalẹmu, owó òde ọba sì wúwo. Àwọn ènìyàn fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé wọn dógò kí wọ́n lè rí ọkà. Wọ́n yá owó láti san owó òde. Àwọn mìíràn ti fi ọmọ wọn ọkùnrin àti obìnrin sí oko ẹrú. Wọ́n ké, Nehemiah sì gbọ́ igbe wọn, inú sì bí i. Ó bá àwọn ọlọ́lá wí lójú gbogbo ìjọ, ó sì mú kí wọ́n dá oko padà. Èyí li a máa ń wàásù. Ohun tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ wàásù ni ìparí orí náà, níbi tí ó ti sọ pé fún ọdún 12 tí òun fi jẹ́ baálẹ̀ ní Juda, òun kò jẹ oúnjẹ baálẹ̀. Àwọn baálẹ̀ tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀ ń gba oúnjẹ, wáìnì àti ogójì ṣékélì fàdákà. Ẹ̀tọ́ wọn ni, òfin fi fún wọn. Ènìyàn 150 li ó ń jẹun li orí tábìlì rẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn àlejò. Síbẹ̀ kò bèèrè ẹ̀tọ́ náà, nítorí pé ẹrù wúwo li ọrùn àwọn ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ ìṣirò wa ṣe ìṣirò èyí náà. Ogójì ṣékélì kò lè san owó òde ọba Persia. Kò lè ra oko ẹnìkan padà. Nehemiah mọ ìṣirò. Ẹni tí ó wo odi Jerusalẹmu ní òru li ó jẹ́. Kí ló dé nígbà náà? Mo rò pé ìdí méjì wà. Ó fẹ́ ní ẹnu láti bá àwọn ọlọ́lá sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá bá sọ fún ọmọ pé oúnjẹ kò tó, ọmọ a wo ètè ìyá bóyá òróró wà níbẹ̀. Bí òróró bá wà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò wọ ọmọ náà li etí mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Ìdí kejì ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun li ó sì mú mi kọ ìwé yìí. Ẹni tí ìgbànú tirẹ̀ kò fún kò lè mọ ibi tí ó yẹ kí a dá ìfún náà dúró dé. Kì í ṣe pé ó burú li ọkàn. Kò mọ̀ ni. Lójú ìwé, kò sí ìyàtọ̀ láàrin gígé ìdá mẹ́wàá nínú owó ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta li ọjọ́ àti gígé ìdá mẹ́wàá nínú owó ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀ẹ̀kan. Nínú ìkòkò ni ìyàtọ̀ náà wà, ẹni tí ó bá sì ń ṣe ìdájọ́ láì wo inú ìkòkò, afọ́jú li ó ń darí ọkọ̀. Nítorí náà li ó ṣe yẹ kí àwọn tí ń pàṣẹ kọ́kọ́ fún ìgbànú tiwọn, kí iye rẹ̀ tilẹ̀ kéré bí iyọ̀ nínú odò.

Mo tún rí i pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ṣòro láti dé ọ̀dọ̀ àlejò. Agbo ilé tí baálé ti tú ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀ fún ológò, ojú yóò ti àwọn ọmọ ilé láti na ìka sí adìẹ àjèjì. Níbi tí ẹṣin bá ti wà ní ìso síbẹ̀, olúkúlùkù ń wá ẹni tí ó kéré sí i láti tì síwájú: aláṣẹ ti òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ti ọmọ ọ̀dọ̀, gbogbo wọn sì parapọ̀ ti ará Gánà.

Mo fẹ́ kí èyí jẹ́ òpin ọ̀rọ̀ mi, nítorí ó rọrùn láti bá Àbújá wí láti orí àga ìwàásù níbi tí Àbújá kò gbọ́. Ṣùgbọ́n àwa oníwàásù li a ń sọ fún ìjọ pé kí wọ́n mú sùúrù, ó sì yẹ kí a bi àwa náà léèrè nípa ẹṣin tiwa.

Li ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìjọ kan. A ti jẹ gbèsè nítorí òrùlé tuntun, owó tí a ń retí kò wọlé, ẹni tí ó ta páànù sì ń rán ènìyàn wá. Akọ̀wé ka ìlà ìnáwó wa. Ìlà kìn-ín-ní tí a fọwọ́ kàn ni ti agbálẹ̀ ilé Ọlọ́run, ọkùnrin àgbà kan tí ó tún ń lu agogo ní kùtùkùtù. Ẹnìkan wí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, pé ó tilẹ̀ lè fi ṣe ọrẹ sí Olúwa fún oṣù mẹ́fà. Gbogbo wa na ọwọ́ sókè. Èmi náà na tèmi. A kò pè é wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà. Ó ń to àga li òde, a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀. Owó tí a rí pamọ́ lórí rẹ̀ li oṣù mẹ́fà yẹn kò tó iye tí a fi háyà àgọ́ àti àga fún ìkórè ọdún kan náà. Ó lu agogo li òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní àkókò rẹ̀ gan-an.

Ní ìpàdé tí ń bọ̀ níbi tí mo wà nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ gbèsè yóò tún dé orí tábìlì, nítorí ẹ̀rọ iná tí a rà. Mo ti lọ bá akọ̀wé ní ilé rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó tún ìwé náà kọ, kí owó ìrìnnà àti owó àlejò àwa tí a ń jókòó sí iwájú wà ní ìlà kìn-ín-ní, kí orúkọ agbálẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí a kò ní dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wò mí, ó bi mí bóyá mo mọ iye tí owó ìrìnnà tèmi jẹ́. Mo dá a li óhùn pé mo mọ̀ ọ́n.